Wọ́n Ní Kí N Kó Wá Sáàfin

Mo gbé inú ààfin fún ọdún mẹ́ta gbáko. N kì í fi ìyẹn yangàn, nítorí iṣẹ́ mi níbẹ̀ ni kí n máa fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mẹ́rìnlá lójoojúmọ́, kí n sì máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún àwọn tó ń sanwó gọbọi kí wọ́n lè sùn síbi tí àwọn ọlọ́lá ayé àtijọ́ sùn sí. Àmọ́ ní Ìsọlọ̀, lọ́dọ̀ àwọn òbí mi, ìtàn mìíràn ni gbogbo èèyàn mọ̀ nípa mi. Ìtàn yẹn ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ kan péré ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àwa Yorùbá ń sọ nígbà ọgọ́rùn-ún lójúmọ́ láìronú sí i.

Láńre ni mo fẹ́ fẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn ná. Ó ń ṣiṣẹ́ ní pápá ọkọ̀ òfurufú ní Ìkẹjà, ó ń gbé yàrá kan ní ọ̀nà Òkè-Àfá, ó sì ní ẹ̀rín kan tí kì í tètè dé, àmọ́ tó bá ti dé, kò ní wu èèyàn láti dìde kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn ẹbí rẹ̀ wá láti Ọ̀yọ́, wọ́n ṣe ìdáná, wọ́n gbé Bíbélì àti òrùka kalẹ̀. Mo fi òrùka sí ìka, Màmá mi gbé Bíbélì sínú àpótí aṣọ. Àdéhùn wa ni pé kí n lọ kọ́ iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì nílùú òyìnbó fún ọdún méjì, kí n padà wá, ká ṣègbéyàwó. Owó epo ti ń ṣàn nígbà náà, hòtẹ́ẹ̀lì ń yọ ní Èkó bí olú, wọ́n sì ní ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà dáadáa ti rí jẹ. Láńre fúnra rẹ̀ ló rí ìkéde ilé ẹ̀kọ́ náà nínú ìwé ìròyìn. Òun ló gé e, òun ló fi lé mi lọ́wọ́.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Sikọ́tílándì kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti kìlọ̀ òtútù fún mi, mo ti ra kóòtù. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Nílé wa ní Ìsọlọ̀, bàálù ń gba orí páànù kọjá débi pé tí Bàbá bá ń gbàdúrà, wọ́n á dúró láàárín ọ̀rọ̀, wọ́n á jẹ́ kó kọjá, kí wọ́n tó máa bá Ọlọ́run wọn lọ. Lọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ ara mi ni mò ń gbọ́. Lọ́jọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo rí i pé oòrùn yọ. Mo sáré jáde láìwọ kóòtù láti lọ yá a bí a ti ń ṣe nígbà ọyẹ́ nílé. Kò pẹ́ tí eyín mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara wọn. Oòrùn tiwọn, fún wíwò lásán ni. Lọ́jọ́ kẹta, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo kí gbogbo èrò inú rẹ̀ káàárọ̀. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ìyá àgbàlagbà kan rọra fa báàgì wọn mọ́ra.

Mo lo ọdún kìíní ní ilé ẹ̀kọ́. Ní ọdún kejì, wọ́n pín wa káàkiri láti lọ fọwọ́ kan iṣẹ́, tèmi sì bọ́ sí ààfin. N kò mọ orúkọ mìíràn tí mo lè pè é lédè wa. Ilé olókùúta ni, ògiri rẹ̀ nípọn débi pé èèyàn lè nà gbalaja sójú fèrèsé, ilé ìṣọ́ gíga wà ní igun méjèèjì, yàrà jíjìn tí omi ti gbẹ nínú rẹ̀ sì yí i po. Bàbá arúgbó kan ló ni ín, tí àwọn baba ńlá wọn ti ń joyè níbẹ̀ láti ayébáyé. Oyè ti di orúkọ lásán, òrùlé ń jò, apá bàbá náà kò sì ká a mọ́. Ni wọ́n bá kó ara wọn sí yàrá mẹ́ta lápá kan, wọ́n sọ ìyókù di hòtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá. Àwọn ará Amẹ́ríkà a máa wá, àwọn Lárúbáwá a máa wá. Wọ́n á dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì olópòó mẹ́rin tí wọ́n ta aṣọ yí ká, tó bá di òwúrọ̀ wọ́n á ní àwọn sùn bí ọba. Èmi tí mò ń ti garawa sábẹ́ ibi tó ń jò lókè àjà, mo mọ irú oorun tí onílé gan-an ń sùn.

Bàbá Onílé ni mò ń pe bàbá náà lọ́kàn mi. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá àwa tí à ń tún yàrá ṣe, mo sọ ọ́ ní Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́, nítorí kọ́kọ́rọ́ ìdí rẹ̀ ló máa ń dún kí òun tó yọ. Ó dàgbà jù mí lọ fíìfíì, àmọ́ òun nìkan ni àgbà tí mò ń pè ní “ó” nílùú yẹn, nítorí kò fẹ́ràn mi, èmi náà kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Mo lè tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kan lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kó máa fà á tú nítorí ìhunjọ kékeré kan tí ojú mi ò rí.

Nígbà tí ọdún kejì ń parí lọ, tí mo ti ń wo àpótí mi pé ibo ni màá ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù, Bàbá Onílé ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní iṣẹ́ mi dára. Wọ́n ní tí mo bá lè fi ọdún kan sí i, àwọn á kọ ìwé fún mi pé mo ti ṣe igbákejì olórí àwọn tó ń tún yàrá ṣe nínú ààfin, pé kò sí hòtẹ́ẹ̀lì tó máa rí ìwé yẹn tí kò ní gbà mí. Wọ́n tún ní kí n kúrò nínú ilé pákó tí àwa òṣìṣẹ́ ń gbé lẹ́yìn ọgbà, kí n wá máa gbé yàrá kan lókè ilé ìṣọ́. Mo rò ó pé ọdún kan kì í ṣe nǹkan. Mo rí ara mi ní Èkó pẹ̀lú ìwé yẹn lọ́wọ́, tí Láńre ń fi ẹ̀rín rẹ̀ wò mí. Mo ní mo gbà.

Ó yẹ kí n sọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé wa kí ẹ tó lè mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Màmá mi kò dárúkọ bàbá mi rí, Màmá kò sì pè wọ́n ní ọkọ òun rí. “Wọ́n” ni. “Wọ́n ti dé.” “Wọn ò tíì jẹun.” “Wọ́n ní ká má lọ.” Tí Màmá bá ti sọ pé wọ́n ń sùn, kò sẹ́ni tó máa béèrè pé ta ni. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Màmá, bí wọ́n ṣe kọ́ ọmọbìnrin níbẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ Bàbá ni kí wọ́n máa ṣí irin, kí wọ́n máa ti irin níbi tí ọ̀nà rélùwéè ti gba ojú títì kọjá ní Òṣòdì. Síbẹ̀, téèyàn bá gbọ́ bí Màmá ṣe ń pe “wọ́n” yẹn, ó lè rò pé gómìnà ló ń gbé pẹ̀lú wa.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó bá gbẹ̀yìn oṣù, lẹ́yìn ìsìn, àwọn òbí mi á rìn dé Àjàó Estate, sílé Màmá Dípọ̀ tí wọ́n jọ wà ní ìjọ kan náà. Wọ́n ní fóònù. Ọkọ Màmá Dípọ̀ ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní pápá ọkọ̀ òfurufú, ìgbà ọ̀hún sì ti sọ wọ́n di olówó. Èmi á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé fóònù pupa tó wà ní abúlé ìsàlẹ̀ ààfin, màá pè. Ariwo á máa hó nínú rẹ̀, gbogbo ará ilé Màmá Dípọ̀ á sì jókòó ti Màmá, wọ́n á máa gbọ́. Irú ibẹ̀ kọ́ ni ìyá ti ń bi ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ìbéèrè tó lójú.

“Màmá, wọ́n ní kí n ṣì dúró o,” ni mo wí lọ́jọ́ náà. “Wọ́n ní kí n kó wá sínú ààfin.”

“Ààfin ta ni?” ni Màmá bi mí.

“Ààfin bàbá wọn ni, mà. Àwọn ni wọ́n jogún ẹ̀.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Kí ni ìwọ wá sọ?”

“Mo ti gbà, mà. Wọ́n ṣèèyàn. Wọn kì í pariwo mọ́ èèyàn.”

“Ṣé wọ́n ti dàgbà ni?”

“Wọ́n dàgbà díẹ̀, mà.”

Mo gbọ́ tí Màmá mí kanlẹ̀. “Ṣé ìwọ nìkan ni, àbí àwọn míì wà níbẹ̀?”

“A pọ̀, mà. Mẹ́fà ni wá. Àmọ́ èmi nìkan ni wọ́n fún ní yàrá nínú ààfin gan-an. Ó ká ìyá tó jẹ́ àgbà wa lára, kò rẹ́rìn-ín sí mi láti àná.”

“Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe,” ni Màmá wí. “Má fún un lésì. Máa bọ̀wọ̀ fún un. Ọlọ́run á bá ọ gbé e.”

Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Èmi ni n kò mọ̀.

Mo kọ lẹ́tà sí Láńre lọ́sẹ̀ yẹn kan náà. Ẹ̀rù ń bà mí pé inú á bí i, n kò sì fẹ́ ṣàlàyé púpọ̀. Mo kọ ọ́ pé wọ́n ti fún mi láyè níbí, pé mo ti gbà, pé n kò mọ bí mo ṣe lè kọ̀ fún wọn, pé kó jọ̀ọ́ má bínú sí mi. Ó ju oṣù méjì lọ kí èsì tó dé. Kò gùn rárá. “Mo ti gbọ́,” ló kọ. “Àwọn Bàbá ti wá sọ fún wa. Kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú yín.” Mo ka “yín” yẹn títí. Láńre tó ń pè mí ní ìwọ, tó ń pè mí ní olórí kunkun, ló wá ń fi ẹ̀yin bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tí a jọ pàdé ní báńkì. Mo ní kò burú, ó ń fi yẹ̀yẹ́ bínú ni. Tó bá fẹ́ ṣe ojú kan fún mi nítorí ọdún kan ṣoṣo, èmi náà lójú tí mo lè ṣe. N kò fèsì. Ká ní mo fèsì ni.

Nígbà tí oṣù ń gorí oṣù tí n kò gbúròó rẹ̀ mọ́, mo bi Màmá lórí fóònù pé, “Láńre ńkọ́?”

“Ó wà níbẹ̀,” ni Màmá dáhùn. “Gbàgbé ìyẹn. Iwájú rẹ ni kó o máa wò.”

Mo lóye rẹ̀ pé Láńre ti rí ẹlòmíràn, pé Màmá kò fẹ́ bà mí lọ́kàn jẹ́. Ìbínú mú mi, n kò béèrè mọ́.

Ìgbà òtútù ọdún yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àdáwà. Àwọn àlejò kì í fi bẹ́ẹ̀ wá nígbà yẹn. Mo lè lo odidi ọ̀sẹ̀ láìsọ gbólóhùn kan tó ju “bẹ́ẹ̀ ni” lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá bẹ́ẹ̀dì sọ̀rọ̀. Màá ní, “Ẹ ǹlẹ́ o, Yàrá Kẹrin, ta ló rún yín báyìí lánàá?” Ọjọ́ kan wà tí mo dúró níwájú àwòrán àwọn baba ńlá Bàbá Onílé tí wọ́n gbé kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń nù wọ́n, ó sì yé mi pé àwọn òkú wọ̀nyí nílé jù mí lọ. Ẹni tó bá wo àwòrán yẹn mọ ọmọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Ta ló mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́ níbẹ̀? Orúkọ mi gan-an, wọ́n ti gé e kù sí ohun tó rọ̀ wọ́n lẹ́nu, nígbà tó yá èmi náà ń dáhùn sí i.

Àmọ́ inú mi dùn lẹ́ẹ̀kan. Òtútù mú Bàbá Onílé lọ́fun, wọn ò lè jẹ nǹkan kan fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo ṣì ní ata gbígbẹ tí Màmá dì fún mi. Mo tọrọ àyè nílé ìdáná, mo se ọbẹ̀ ata ẹlẹ́ja, mo gbé e lọ fún wọn. Wọ́n fi ṣíbí kan tọ́ ọ wò, ojú wọn pọ́n, omi ń dà lójú, omi ń dà nímú, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán. Láti ọjọ́ náà, èmi ni mò ń sebẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ Sátidé. Inú mi dùn débi pé mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sílé gẹ́lẹ́ bó ṣe rí: mo sebẹ̀ fún wọn, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n ní láti ìsinsìnyí lọ ọwọ́ mi nìkan ni àwọn á ti máa jẹun Sátidé. Mo fi káàdì tí àwòrán ààfin wà lára rẹ̀ sínú lẹ́tà náà. Mo fi bírò fa ìlà sábẹ́ fèrèsé mi lókè.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ní ọdún kẹta mi, mo di aṣọ bẹ́ẹ̀dì mọ́ àyà, mo ń kọjá lọ ní gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀, ni mo bá gbọ́ Yorùbá.

“Dádì Dípọ̀, ẹ wá wo orí ẹran tí wọ́n kàn mọ́ ògiri! Ìwo ẹ̀ ga ju ọmọ èèyàn lọ!”

Ẹsẹ̀ mi ti kúnlẹ̀ kí n tó mọ̀. Màmá Dípọ̀ ló dúró síbẹ̀ nínú léèsì aláwọ̀ ewé àti kóòtù onírun, ọkọ wọn wà lẹ́yìn wọn pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́. Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ sáré dé, ó rò pé mo ṣubú ni.

“Ha! Olorì fúnra ẹ̀!” ni Màmá Dípọ̀ pariwo. “Dìde, jọ̀ọ́, àwa ló yẹ ká kúnlẹ̀ fún ẹ o. Kí lo wá ń fi aṣọ wọ̀nyí ṣe lọ́wọ́? Ṣé kò sí ìránṣẹ́ láàfin ni?”

“Iṣẹ́ mi nìyí, mà.”

“Iṣẹ́ bí i ti báwo? Kábíyèsí dà? London la wá ra nǹkan, la bá ní ká kúkú gbé káàdì tó o fi ránṣẹ́ yẹn fún àwọn tó ń báni ṣètò ìrìn àjò, kí wọ́n mú wa wá kí àna wa.”

“Ó ti ń yà mí lẹ́nu láti ẹnu ọ̀nà,” ni ọkọ wọn wí, wọ́n gbé ìwé ọwọ́ wọn sókè. “Owó yàrá ni wọ́n ní ká san. Mo ní àna wo ló ń gbowó yàrá lọ́wọ́ àna? Abeg, explain.”

“Kábíyèsí wo, mà?” ni mo bi Màmá Dípọ̀.

“Ọkọ ẹ!”

N kò rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ nǹkan kan ti ń ṣí nínú mi díẹ̀díẹ̀, “wọ́n” kan tẹ̀ lé òmíràn. Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ ní kí n mú àwọn àlejò lọ sí yàrá wọn, kí n sì tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí mo ṣe ń tẹ́ ẹ ni Màmá Dípọ̀ ń sọ ọ́ fún mi, wọ́n jókòó sórí àga baba ńlá ẹni ẹlẹ́ni, wọ́n ti bọ́ bàtà.

Wọ́n ní lọ́jọ́ tí mo sọ pé mo kó sáàfin, Màmá mi kò lè dìde nídìí fóònù. Wọ́n ní àwọn òbí mi ronú lé e fún ọ̀sẹ̀ kan, pé ọkùnrin náà ti dàgbà, pé ó ti ní obìnrin márùn-ún nílé, pé kò sì rán ẹnikẹ́ni sí wọn. Àmọ́ ọba ni. Nílé wa, tí ọba bá ti gbẹ́sẹ̀ lé obìnrin, ọ̀rọ̀ parí, ìbáà ti ní àfẹ́sọ́nà.

“Bàbá ẹ fúnra wọn ló gbé Bíbélì ìdáná yẹn padà fún àwọn ará Ọ̀yọ́,” ni Màmá Dípọ̀ wí. “Wọ́n dọ̀bálẹ̀ o! Àgbà bí i tiwọn, wọ́n dọ̀bálẹ̀ níwájú ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n ní kó foríjì àwọn, pé ọwọ́ àwọn kọ́, ọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e.”

“Kí ni Láńre sọ?”

“Kí ló máa sọ? Ṣé ó máa bá ọba jà ni? Ó gbé bàbá ẹ dìde nílẹ̀. Ó ní lẹ́tà ìwọ fúnra ẹ ti tẹ òun lọ́wọ́, pé o ní o ò mọ bó o ṣe lè kọ̀ fún wọn.”

Mo di òpó bẹ́ẹ̀dì mú.

“Ṣé ó ṣì wà ní Òkè-Àfá, mà?”

Màmá Dípọ̀ wo ọkọ wọn. “Ó gbéyàwó nígbà Àjíǹde tó kọjá,” ni wọ́n wí. “A lọ síbẹ̀. Ọmọ jẹ́jẹ́ kan ni. Oyún ti wà níkùn ẹ̀.”

Mo ṣàlàyé fún wọn pé òṣìṣẹ́ lásán ni mo jẹ́ níbẹ̀, pé ọ̀gá mi ni bàbá náà, kì í ṣe ọkọ mi, mo sì ní kí wọ́n bá mi sọ òtítọ́ fún àwọn òbí mi tí wọ́n bá padà délé. Ọkọ wọn, tí wọ́n ti ń ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀, ni wọ́n dáhùn. Ohùn wọn ti rọ̀.

“Ó máa ṣe kí ni, ọmọ mi? Ṣé Láńre máa lé ìyàwó olóyún jáde ni? Bàbá ẹ ti dọ̀bálẹ̀. Tó bá jẹ́ torí ọba ni, àgbà lè gbé ojú ẹ̀ jáde lẹ́yìn ìyẹn. Tó bá wá jẹ́ torí pé wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa lórí fóònù, ibo ni wọ́n fẹ́ gbójú gbà?”

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ lò, àmọ́ ọjọ́ kejì ni wọ́n lọ. Wọ́n ní òtútù ibẹ̀ kò bá ara wọn mu. Mo tú bẹ́ẹ̀dì tí mo tẹ́ fún wọn, mo gbé aṣọ rẹ̀ sójú, mo jókòó bẹ́ẹ̀ títí Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ fi wá wò mí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fa ilẹ̀kùn dé. Inú bí mi sí Màmá mi lọ́sẹ̀ yẹn débi pé ẹnu mi korò. Kí ló dé tí wọn ò béèrè? Ọ̀rọ̀ méjì péré, “ṣé ọkọ?”, ni ì bá tó. Lẹ́yìn náà, inú bí mi sí ara mi, nítorí èmi náà lẹ́nu.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé fóònù lọ́jọ́ Ìsinmi tó gbẹ̀yìn oṣù. Mo ti tò ó lẹ́sẹẹsẹ, bí màá ṣe bẹ̀rẹ̀, bí màá ṣe parí. Màmá ò jẹ́ kí n mí.

“Wọ́n ti dé o, Màmá Dípọ̀ ti dé! Wọ́n ní ààfin yẹn, ojú ò lè rí i tán. Wọ́n ní ìwọ fúnra ẹ lo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún àwọn, pé o kúnlẹ̀ kí àwọn lójú gbogbo òyìnbó. Mo ní ọmọ mi nìyẹn! Olorì tó mọ̀wọ̀n ara ẹ̀. Ó yá, gba Bàbá ẹ.”

Bàbá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí fóònù. Wọ́n máa ń rò pé àwọn ń dá onífóònù lọ́wọ́ dúró ni.

“Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ bi ẹ́,” ni wọ́n wí. “Ṣé ọkàn ẹ balẹ̀ níbẹ̀? Torí ohun tí mo ṣe fún ọmọkùnrin yẹn, ó ń dùn mí títí dòní. Ọmọ dáadáa ni. Tí ọkàn ìwọ bá ti balẹ̀, a jẹ́ pé mi ò ṣe é lásán.”

Gbogbo ohun tí mo tò lẹ́sẹẹsẹ wà lẹ́nu mi. Mo gbọ́ tí Bàbá ń mí sínú fóònù, wọ́n ń dúró dè mí.

“Ó balẹ̀, sà,” ni mo wí.

“Mo dúpẹ́,” ni Bàbá wí. Wọ́n fún Màmá ní fóònù padà.

Láti ọjọ́ náà, mo di aya ọba nítòótọ́, nítorí èmi fúnra mi ti fọwọ́ sí i. N kò lè lọ sílé mọ́. Màá lọ bí i kí ni? Bí olorì tó sá kúrò nílé ọkọ, kí n wá máa pàdé Láńre àti ọmọ rẹ̀ lọ́nà ọjà? Ọdún kẹta parí, wọ́n kọ ìwé náà fún mi bí wọ́n ti ṣèlérí, mo kà á, ó dára, mo fi í sábẹ́ ibùsùn. Mo fi ọdún kan kún un, mo tún fi òmíràn kún un. Ní gbogbo oṣù, Màmá á ní, “Ṣé wọ́n wà?” Màá ní wọ́n wà. Màmá á ní, “Bá mi kí wọn.” Mo sì ń bá Màmá kí wọn lóòótọ́. Bàbá Onílé á béèrè ìyá mi, wọ́n á ní kí n bá àwọn náà kí i. Irọ́ mi kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí tí kò fi ṣeé jáwọ́ nínú rẹ̀ nìyẹn.

Ní ọdún karùn-ún tí mo kúrò nílé, Bàbá Onílé kú. Wọ́n jẹun Sátidé tán, wọ́n ní ata ọjọ́ náà kò mú tó, wọ́n lọ sinmi lórí àga, wọn ò jí. Lẹ́yìn ìsìnkú, ilé iṣẹ́ ńlá kan ra ààfin náà, wọ́n ní àwọn á tún òrùlé ṣe, wọ́n sì sọ fún wa pé àwọn ń kó òṣìṣẹ́ tiwọn bọ̀. Mo lọ sí ilé fóònù pupa. Kì í ṣe ọjọ́ tí à ń pè, wọ́n ní láti rán ẹnì kan lọ pe Màmá wá sí Àjàó Estate, mo sì tún pè lẹ́yìn wákàtí méjì.

“Màmá,” ni mo wí, “wọ́n ti kú.”

Màmá ké. Mo gbọ́ tí Màmá Dípọ̀ ń bi wọ́n pé ta ni. Màmá ń pè mí ní ọmọ mi, ọmọ mi, wọ́n ń sunkún ọkùnrin tí wọn ò rí rí, tí kò fẹ́ ọmọ wọn rí. Mo fẹ́ ní kí wọ́n dákẹ́. Ohun tó jáde lẹ́nu mi kì í ṣe ọ̀rọ̀. N kò tíì sunkún Láńre láti ọjọ́ tí mo di òpó bẹ́ẹ̀dì yẹn mú, nítorí n kò rí ẹni tí mo lè sunkún rẹ̀ níwájú ẹ̀. Ó wá dé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mo forí ti gíláàsì ilé fóònù, mo ń ké bí ọmọdé, ẹni tó ń dúró lóde yíjú kúrò.

Màmá gbọ́ mi. Wọ́n dá ẹkún tiwọn dúró kí tèmi lè ráyè.

“Sunkún wọn dáadáa, ọmọ mi,” ni Màmá wí. “Ó tọ́ sí wọn.”